Diabolē: Òkò Ọ̀rọ̀ tí a Sọ sí Àárín Ẹni Méjì

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó ti ná ọjà Gáná rí tí kò ní mọ Kejetia. Àárín gbùngbùn Kùmásì, ìlú àwọn Aṣáńtí, ni Kejetia wà. Ibùdókọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, ọjà tí ó wà ní ìhà rẹ̀ sì tóbi dé ibi pé àlejò tí ó bá wọ inú rẹ̀ láìmú ẹni dání yóò pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Àfonífojì àbàtà ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fa omi ibẹ̀ gbẹ. Ọkọ̀ ojú irin láti etí òkun dé Kùmásì ní ọdún 1903. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ènìyàn wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì túbọ̀ ń wọ́ lọ síbẹ̀, ti aṣọ ti ìlẹ̀kẹ̀, ti ọ̀bẹ ti abẹ́rẹ́, títí tí èdè Yorùbá fi di ohun tí à ń gbọ́ ní ìsọ̀ púpọ̀ nínú ọjà náà.

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rẹ́ méjì tí ń jọ pàtẹ bá kẹ̀yìn sí ara wọn, orúkọ mẹ́ta ni ènìyàn lè gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń làjà. Yorùbá onígbàgbọ́ yóò ní iṣẹ́ Èṣù ni. Yorùbá mùsùlùmí yóò ní iṣẹ́ Ìbìlísì ni. Aṣáńtí tí ń ka Bíbélì èdè Twi yóò ní iṣẹ́ Ɔbonsam ni. Olúkúlùkù wọn rò pé ọ̀rọ̀ tí òun jogún lọ́wọ́ baba òun ni òun ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ kan wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀mí kankan ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni: ẹni tí ń ba ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ mọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò ṣàì kan èdè wa, kò sì ṣàì kan ohun tí ojú àwọn ènìyàn wa rí ní Kejetia kan náà.

Diabolē ni ọ̀rọ̀ náà, ìbanijẹ́ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Diabolos ni ẹni tí ń ṣe é. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe diaballein ni a ti fa méjèèjì yọ. Dia túmọ̀ sí láti ìhà kan kọjá sí ìhà kejì. Ballein túmọ̀ sí kí a sọ nǹkan, bí a ti ń sọ òkò. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ré òkun kọjá, àwọn Gíríìkì lè lo diaballein fún ìrìn àjò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lò ó fún ẹni tí ó ju ohun kan sí àárín ènìyàn méjì tí wọ́n fi pínyà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń ba ènìyàn jẹ́ létí ẹlòmíràn.

Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Àwa náà ń sọ òkò, a sì ń sọ ọ̀rọ̀. Ohùn kan náà ni a fi ń pe sọ méjèèjì. Èmi kò wí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ni láti wádìí ìyẹn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ diabolē kò nílò ju kí ó kọ sọ̀kò àti sọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, kí ó sì bi wọ́n léèrè èwo nínú méjèèjì ni ọgbẹ́ rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó jinná.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Diabolē kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà. Ènìyàn lè mú òtítọ́ kan, kí ó gé e sí méjì, kí ó sì sọ ìdajì rẹ̀ sí ibi tí yóò ti ṣe ìpalára. Ẹ̀tanú tí ó ti wọ ọkàn àwọn olùgbọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó la ẹnu rẹ̀, èyí gan-an ni àwọn Gíríìkì ń bẹ̀rù nínú diabolē. Herodotus, òpìtàn wọn àgbà, fi àlàyé rẹ̀ sí ẹnu Artabanus, arákùnrin baba Xerxes ọba Páṣíà. Ẹni mẹ́ta ni Artabanus rí nínú ọ̀ràn náà. Abanijẹ́ jẹ̀bi, nítorí pé ẹni tí kò sí ní ìjókòó ni ó ń fi sùn. Ẹni tí ó tẹ́tí sí i jẹ̀bi, nítorí pé ó gbà á gbọ́ kí ó tó wádìí. Ẹni kẹta, tí kò mọ ohun tí ń lọ, ni ìyà méjèèjì jọ jẹ. Ìdí tí Artabanus fi sọ̀rọ̀ yìí yẹ ní àkíyèsí pẹ̀lú. Mardonius, ọ̀gágun ọba, ni ó ti fi àwọn Gíríìkì ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọba, tí ó ní wọn kò tó nǹkan. Kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n bà jẹ́ ní ọjọ́ náà. Odidi ẹ̀yà kan ni.

Ní Áténì, ìlú tí ó ju gbogbo ìlú Gíríìkì lọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, diabolē pa ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí a pe Sokrates lẹ́jọ́ ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kírísítì, ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún. Bí Plato ti ròyìn ẹjọ́ náà, Sokrates kò ka àwọn tí ó pè é lẹ́jọ́ sí ẹni tí ó yẹ kí òun bẹ̀rù jù. Ó ní àwọn olùfisùn mìíràn ti ṣáájú wọn, àwọn tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ti ń sọ nípa òun sí etí àwọn adájọ́ láti ìgbà tí àwọn wọ̀nyí ṣì wà ní ọmọdé. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè tọ́ka sí ni akọ̀wé eré kan, Aristophanes, ẹni tí ó ti fi í ṣe ẹlẹ́yà lórí ìtàgé ní ọdún 423, ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú ẹjọ́ náà. Diabolē ni Plato pe ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ó pè é bẹ́ẹ̀. Báwo ni ènìyàn yóò ti bá òjìji jà? Wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì mu májèlé.

Aristophanes tí mo dárúkọ yìí kan náà ni ó kọ eré mìíràn tí ó bá ọ̀rọ̀ ọjà mu jù lọ. Kí a tó lóye rẹ̀, a ní láti mọ̀ pé Áténì ti ṣe òfin kan ní nǹkan bí ọdún 432, tí ó lé àwọn ará Megara, ìlú tí ó múlé gbè é, kúrò ní gbogbo ọjà àti èbúté tí ó wà ní abẹ́ àṣẹ rẹ̀. Òfin náà mú ìyàn wá sí Megara, ó sì wà lára ohun tí ó dá ogun ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn Gíríìkì. Nínú eré náà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 425, àgbẹ̀ kan tí ogun ti sú dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá tajà wá. Ará Megara kan dé. Ebi ti pa á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì dà bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kí ó lè rí wọn tà. Kí wọ́n tó nájà tán ni ọkùnrin kan yọ, tí ó ń kígbe pé ẹrù ọ̀tá nìyí, òun yóò fi ẹrù àti ẹlẹ́rù sùn.

Sykophantēs ni àwọn ará Áténì ń pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Sykon ni ọ̀pọ̀tọ́, phainein ni kí a fi nǹkan hàn. Àwọn àgbà ìgbàanì sọ pé ìgbà kan wà tí a kò gbọdọ̀ kó ọ̀pọ̀tọ́ jáde ní Áténì, àti pé àwọn tí ń fi àwọn tí ó kó o jáde hàn ni a kọ́kọ́ fi orúkọ náà pè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kò gba àlàyé náà, ó sì jọ ìtàn tí a ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti wà. Ohun tí ó dájú ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìlú Áténì kò ní agbẹjọ́rò ìjọba; ọmọ onílùú tí ó bá wù ni ó lè pe ẹni tí ó ṣẹ̀ lẹ́jọ́, nínú irú ẹjọ́ mélòó kan, bí i ti ẹrù tí òfin kọ̀, ẹni tí ó fisùn ni yóò gba ìdajì ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́bi. Ẹ ò rí i pé òfin ti sọ òfófó di òwò. Nínú eré tí mo ń wí, oníṣòwò mìíràn láti Thebes fẹ́ ra ohun kan tí Áténì ní lọ́pọ̀lọpọ̀ tí kò sí ní ìlú tirẹ̀. Wọ́n di sykophantēs kan ní koríko bí ẹni di ìkòkò amọ̀, wọ́n sì gbé e lé e lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran yóò ti rẹ́rìn-ín títí.

Ayàwòrán Gíríìkì kan, Apelles, ya àwòrán diabolē. Àwòrán náà ti ṣègbé, ṣùgbọ́n Lucian ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kírísítì, nínú àròkọ tí ó kọ láti kìlọ̀ kí a má tètè gba ìbanijẹ́ gbọ́. Ọkùnrin elétí ńlá kan jókòó, Àìmọ̀kan àti Ìfura sì dúró tì í ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìbanijẹ́ ń bọ̀ wá bá a, obìnrin arẹwà ni, ó mú iná lọ́wọ́ kan, ó sì ń fi ọwọ́ kejì wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní irun. Ìlara ni ó ṣáájú rẹ̀. Òtítọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ìwọ̀nba ohun tí mo ní í sọ nípa rẹ̀ ni pé Apelles mọ̀ pé ìbanijẹ́ kì í burú lójú nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ènìyàn yìí ṣe di orúkọ ẹ̀mí? Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìbí Kírísítì ni àwọn Júù ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ìwé mímọ́ wọn sí èdè Gíríìkì. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ Hébérù kan pàdé, śāṭān, tí ó túmọ̀ sí alátakò, àti ní pàtàkì ẹni tí ń fi ènìyàn sùn ní ilé ẹjọ́. Nínú ìwé Jóòbù, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nìyẹn níwájú Ọlọ́run: ó ń fi olódodo sùn. Àwọn atúmọ̀ wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó sún mọ́ ọn jù, wọ́n sì kọ diabolos. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Májẹ̀mú Titun. Síbẹ̀ ìtumọ̀ àtijọ́ kò kú. Nínú lẹ́tà méjèèjì sí Tímótì àti nínú lẹ́tà sí Títù, diabolos fara hàn ní ìtumọ̀ rẹ̀ lásán, fún àwọn obìnrin àti ọkùnrin tí ń ba ènìyàn jẹ́. Kí olùkọ́ tí ó ní Bíbélì Yorùbá ṣí i wò: kò sí ẹni tí ó kọ Èṣù sí ibẹ̀. Ìsọ̀rọ̀-ẹni-lẹ́yìn àti ìbanijẹ́ ni àwọn atúmọ̀ wa kọ. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ọ̀nà púpọ̀ ni diabolos gbà lẹ́yìn èyí. Àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di diabolus, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di devil. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé Iblīs ti èdè Lárúbáwá, tí àwa ń pè ní Ìbìlísì, láti inú rẹ̀ ni ó ti wá pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ Lárúbáwá àtijọ́ fà á yọ láti inú ọ̀rọ̀ èdè tiwọn tí ó jẹ mọ́ àìnírètí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ àti ọ̀nà òkun wọ èdè wa nígbà méjì.

Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí wọ́n parí ní ọdún 1884, wọ́n fi Sátánì sílẹ̀ bí ó ti wà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ Èṣù fún diabolos. A kò lè sọ pé wọn kò ní ìdí. Ta ni kò mọ ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn dojú kọ ara wọn, tí Èṣù gba ààlà kọjá pẹ̀lú fìlà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ní ọ̀tún sí òsì? Ọ̀kan ní fìlà dúdú ni, èkejì ní fìlà pupa ni, wọ́n sì jà títí wọ́n fi fẹ́ pa ara wọn. Ohun tí a sọ sí àárín ẹni méjì nìyẹn. Kò sí Gíríìkì tí kò ní pe èyí ní diaballein. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Èṣù inú ìtàn náà kò pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan rí jẹ́ òtítọ́. Àwọn ni wọ́n sọ ìdajì òtítọ́ di òkò, tí wọn kò sì fẹ́ rìn yípo lọ wo ìhà kejì. Yàtọ̀ sí èyí, Èṣù ni ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òjíṣẹ́ tí ń bá Ọ̀rúnmìlà rìn, kò sì sí ìlú tí kò ní ojúbọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń sọ ọmọ. Èṣùgbàyí ni orúkọ Ẹlẹ́kọ̀, ọba Èkó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lóyè ní ọdún 1925. Lónìí, àwọn ọmọ Èṣùbíyìí ti di Olúbíyìí tàbí Jésùbíyìí.

Àwọn ará Gáná kò san tó èyí. Christaller, ará Jámánì tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Twi pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ọmọ Akuapem bí David Asante àti Theophilus Opoku, parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1871. Ɔbonsam ni wọ́n lò, orúkọ tí ó bá Sasabonsam, àǹjọ̀nú inú igbó kìjikìji, tan. Ẹ̀rù ni ó ń jẹ́ lójú ọmọ Aṣáńtí kí Bíbélì tó dé, ẹ̀rù náà ni ó sì ń jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní tiwa, ní èrò tèmi, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí abanijẹ́ ni ó wọ ilé wa tí ó sì ba ẹnì kan jẹ́. Èmi kò fi èyí bú Crowther, ẹni tí ó wá ọ̀rọ̀ tí kò rí. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ó sọnù nínú ìyípadà náà, èyí sì dùn mí ju ti orúkọ lọ. Bí a ti fi abanijẹ́ fún ẹ̀mí, a bọ́ ọ kúrò lọ́rùn ènìyàn. Oníjà ọjà Kejetia lè wí pé Èṣù ni. Kò sí ẹni tí yóò béèrè mọ́ pé ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ẹnu ènìyàn ni ó ti jáde ní Kùmásì, àti lórí ìwé. Ní ọdún 1957, kété tí Gáná gba òmìnira, ìjọba Nkrumah lé àwọn olórí mùsùlùmí méjì ìlú náà lọ sí Nàìjíríà, Alhaji Amadu Baba, olórí Sáńgò, àti Alhaji Othman Larden Lalemi. Alátakò ìjọba ni wọ́n nínú òṣèlú. Wọ́n ní ọmọ Gáná ni àwọn, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Kùmásì. Ìjọba kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó dárúkọ àwọn méjèèjì, ó sì pa ẹjọ́ náà dé.

Ọdún 1969 ni ti gbogbogbòò. Ìṣirò ènìyàn ọdún 1960 ti fi hàn pé Yorùbá tí ó wà ní Gáná tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Iye owó kòkó ti já wálẹ̀ ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, gbèsè ńlá sì wà lọ́rùn ìlú. Nígbà tí nǹkan le, a wá ẹni tí a ó dì í rù. Àwọn àlejò ni wọ́n gba iṣẹ́, wọ́n ní. Àwọn ni wọ́n ń kó owó jáde, àwọn ni onífàyàwọ́, àwọn ni olè. Ìdajì òtítọ́ kì í ṣàì wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀yà tí kò ní olè tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ìjọba Dókítà K. A. Busia, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àga, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìyọ̀ǹda ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn ni Busia fúnra rẹ̀, ó sì ti kọ ìwé lórí ipò ọba láàárín àwọn Aṣáńtí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àṣẹ náà bá kò mọ̀ rí pé ìwé kan ń bẹ tí ó yẹ kí wọ́n ní; Kùmásì ni a bí wọn sí, Twi sì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Wọ́n ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ lọ́wọ́ ènìyàn sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Tógò àti Dàhòmì bọ̀ wá sí Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti di àlejò. Ìsọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọjà Kejetia kò ṣófo pẹ́. Ará Megara ìbá mọ ọ̀ràn náà.

Bí mo bá dúró síbí, ìdajì fìlà ni èmi náà sọ. Nígbà tí epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di ọlọ́rọ̀, àwọn ọmọ Gáná wá bá wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́, àwọn ni wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri. Nígbà tí iye owó epo já, àwọn ni ẹnu wa kọ́kọ́ bà. Olè ni wọ́n, àwọn ni wọ́n gba iṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ni àwa náà sì fún wọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gáná ni ó kó ẹrù. Ohun tí wọ́n fi kó o ni àpò ọ̀rá onílà pupa àti búlúù tí kò wọ́n, tí ó wà ní ọjà gbogbo nígbà náà, tí ó sì wà títí di òní. Orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọdún náà ni ó ń jẹ́ síbẹ̀, Ghana-Must-Go. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà ń fi í kó aṣọ àti ìwé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé, wọ́n ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ẹni tí a ń lé.